Ta Ni Yóò Jíhìn? Àdéhùn Ààbò Ẹ̀mí Níbi Iṣẹ́ Ìjọba

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú oṣù yìí, bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó lè rò pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́sálásí. Ọ̀rọ̀ ibọ̀wọ́ ni, ọ̀rọ̀ àkàbà, ọ̀rọ̀ àṣíborí àti bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dé ìdí, ọ̀rọ̀ àmánà ni, ọ̀rọ̀ kádàrá ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti pa ni.

Bí ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa, ẹ óò rí pátákó tàbí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ààbò òṣìṣẹ́ ni ó ṣáájú ohun gbogbo. Lábẹ́ pátákó yẹn gan-an, ẹ lè rí ìgò pupa tí a fi ń paná tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ẹ lè rí ẹnu-ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n tì pa, tí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì sí nítòsí. Àwa ti rí irú rẹ̀, ẹ̀yin náà á ti rí i. Ìbéèrè wa nìyí: ìlérí tí ilé-iṣẹ́ ṣe, ṣé ìlérí ni lójú Ọlọ́hun? Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́, tí ènìyàn sì ti ibẹ̀ kú, ta ni yóò jíhìn? Ilé-iṣẹ́ kò ní sàárè. Munkar àti Nakir kò ní bi pátákó ara ògiri ní ìbéèrè kankan.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ni pé, ní Agbamu àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa, oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ni àwọn ọmọ ń fi àdúà wá. Ẹlòmíràn fẹ́ wọ ọsibítù, ẹlòmíràn fẹ́ wọ kàńsù ní Ọ̀mù-Àrán, ẹlòmíràn fẹ́ ṣe iṣẹ́ iná, iṣẹ́ omi tàbí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí ìwé iṣẹ́ bá dé, a ó pe ààfáà, a ó ṣe sàdákà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ọmọ náà yóò fi jẹ owó oṣù, ta ni a fi ṣọ́?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí òfin. Òfin wà. Ní 1981 ni àjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, fi ẹnu kò lórí àdéhùn kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 155, lórí ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1994. Ní 1987 ni a ṣe òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó fún àwọn ọlọ́fìn-ín-tótó ìjọba lágbára láti wọ inú ilé-iṣẹ́ lọ wo bí nǹkan ṣe rí. Ní oṣù Kejìlá 2010 ni a ṣe òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa, tí ó bá ṣàìsàn tàbí tí ó bá kú nítorí iṣẹ́. Òfin 2010 yìí kò yọ ìjọba sílẹ̀. Àti iṣẹ́ ìjọba, àti iṣẹ́ aládàáni, gbogbo wọn ni ó kó pọ̀, àfi àwọn ológun nìkan. Ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ ni yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tí àjọ NSITF ń tọ́jú. Ní oṣù Kẹfà 2022, ILO tún sọ ibi iṣẹ́ tí kò léwu di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́, ní ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ tí ó ní kí a má ṣe fi ènìyàn ṣẹrú.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ìlérí ti pọ̀ nílẹ̀. Ìmúṣẹ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ọlọ́hun sì ti pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Máídà pé kí wọ́n máa mú àdéhùn wọn ṣẹ. Kò yọ àdéhùn tí a tẹ̀ sórí ìwé ìjọba sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2023, dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́ bí ẹ̀yin náà, wọ inú ẹ̀rọ lífìtì ní ilé tí àwọn dókítà ń gbé ní ọsibítù ìjọba ní Odán, Èkó. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó parí iṣẹ́ ọdún kan tí dókítà tuntun ń ṣe. Lífìtì náà já láti òkè, ó sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọsibítù ni ó ti ṣẹlẹ̀ o, níbi tí àwọn tí ó mọ ìtọ́jú pọ̀ sí jù, síbẹ̀ ó gbẹ́mìí mì. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ké pé lífìtì náà kò dára. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní àjọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́jú irú àwọn ohun ìní ìjọba bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ikú náà ni gómìnà ní kí ọ̀gá àjọ náà lọ rọ́kún nílé ná.

Kí ni ó pa ọmọbìnrin yẹn? Irin ni? Okùn ni? Àbí ìwé ẹ̀sùn tí ó wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò tọwọ́ bọ̀?

Ẹ tún wo àwọn òṣìṣẹ́ iná. Ní 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀, ní 2005 ó di PHCN, ní oṣù Kọkànlá 2013 ni wọ́n fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ẹnu wa kò tíì kúrò lára NEPA títí di òní. Ìgbà tí ó jẹ́ ti ìjọba àti ìgbà tí ó kúrò lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń rí: ọmọkùnrin kan lórí òpó, kò wọ ibọ̀wọ́, sálúbàtà ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn ará àdúgbò dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo pé kí ó ṣe kíá. Àjọ NERC tí ìjọba fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ iná máa ń ka iye àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó fara pa nínú ìròyìn tí ó ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n kà wọ́n, wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀, ìwé mìíràn sì tún dé pẹ̀lú òkú mìíràn nínú rẹ̀.

Bí a bá béèrè pé èéṣe, àwáwí mẹ́ta ni ó sábà máa ń jáde. A fẹ́ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwáwí kìíní ni kádàrá. Wọn á ní, “Àmúwá Ọlọ́hun ni. Ọjọ́ rẹ̀ ni ó pé.” A gbà pé kò sí ẹ̀mí kan tí yóò kú láìjẹ́ pé Ọlọ́hun yọ̀ǹda. Ẹni tí ó bá jiyàn èyí, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti mẹ́hẹ. Ṣùgbọ́n a bi yín: ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí ó sọ ọ́? Bí ìyá òkú bá sọ ọ́, sùúrù ni, ẹ̀san sì wà fún un. Bí ẹni tí ó yẹ kí ó ra bẹ́líìtì tuntun, tí kò rà á, bá sọ ọ́, sùúrù kọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ fi orúkọ Ọlọ́hun bo fáìlì mọ́lẹ̀ ni. Kádàrá jẹ́ ìtùnú fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kì í ṣe èsì fún ẹni tí a bi léèrè iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejìdínlógún Hijra. Sayyidina Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù pẹ̀lú àwọn sàábé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, wọ́n gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Umar fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà, ó sì pinnu pé kí wọ́n padà. Abu Ubaydah, ẹni tí a mọ̀ sí olùfọkàntán ìjọ yìí, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó wá fi ràkúnmí ṣe àkàwé fún un: bí ènìyàn bá da ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì tí apá kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí apá kejì gbẹ, apá èyíkéyìí tí ó bá kó wọn sí, kádàrá náà ni. Kò pẹ́ tí Abdur-Rahman ọmọ Awf fi dé tí ó sì sọ fún wọn pé òun gbọ́ ọ láti ẹnu Ànábì, ìkẹ́ Ọlọ́hun kí ó máa bá a, pé kí ènìyàn má ṣe wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà. Inú Umar dùn, ó dúpẹ́ fún Ọlọ́hun.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Umar kò sọ pé òun kò gba kádàrá gbọ́. Ohun tí ó sọ ni pé ìṣọ́ra pẹ̀lú wà nínú kádàrá. Bí bẹ́líìtì tí ó já bá jẹ́ àkọsílẹ̀, bẹ́líìtì tuntun tí owó rẹ̀ wà nínú àpò ìjọba náà jẹ́ àkọsílẹ̀. Èwo ni a kó àwọn ọmọ wa sí? Aṣíwájú ni Umar, ẹ̀mí àwọn ènìyàn ń bẹ lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kò sì fi kádàrá ẹlòmíràn dán nǹkan wò.

Àwáwí kejì ni pé ẹnìkan kọ́ ni ó ṣe é. Ọ̀gá á ní òun ti kọ̀wé sókè. Òkè á ní ìwé kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn. Olùtọ́jú sítọ̀ á ní kọngílá kò kó ọjà wá. Kọngílá á ní ìjọba kò san owó òun. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà lọ láti tábìlì dé tábìlì, a ó rin gbogbo sẹkitéríàtì já, a kò ní bá ẹnìkan tí ó pa ènìyàn, òkú ènìyàn sì ń bẹ nílẹ̀.

Níbí ni ẹ̀kọ́ ilé-kéú wa wúlò. Imaamu Maliki, tí a ń tẹ̀lé mẹ́síábù rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, sọ nínú ìwé rẹ̀ Muwatta ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ẹni pé ó mọ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó ní ẹni tí ó bá pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí ó sọ̀kalẹ̀ sínú kànga tàbí kí ó gun ọ̀pẹ, tí ọmọ náà sì ti ibẹ̀ kú tàbí tí ó fara pa, ẹni tí ó pàṣẹ ni ẹ̀san wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sọ pé ó tì í lulẹ̀ o. Kò sọ pé ó fẹ́ kí ó kú. Àṣẹ tí ó pa nìkan tó. Nínú ìwé náà kan náà, ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga sí ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, níbi tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ́ ẹ sí, ohun tí ó bá jìn sínú rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

A mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Lárúbáwá lè gbé ẹnu sókè pé, “Ṣebí hádíìsì kan wà tí ó sọ pé kò sí ẹ̀san lórí ẹni tí kànga pa tàbí ẹni tí ibi ìwa-kùsà pa?” Òótọ́ ni, Bukhari gbà á wá, a kò sì gbọdọ̀ fi pamọ́ nítorí pé ó le fún wa láti dáhùn. Àwọn onímọ̀ ṣe àlàyé rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ibi tí kò ti sí àìbìkítà ni: ènìyàn gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ ara rẹ̀, tàbí ó gba àgbàlagbà tí ó mọ iṣẹ́ láti gbẹ́ ẹ, ilẹ̀ ṣàdédé wó. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti kìlọ̀ fún pé ilẹ̀ ti ń là, tí ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ìkìlọ̀ ti dá ẹ̀bi sílẹ̀. Nítorí náà, lójoojúmọ́ tí ìwé ẹ̀sùn bá wà lórí tábìlì ọ̀gá láìsí ìdáhùn, ọrùn ọ̀gá ń wúwo sí i.

Àwa sì rò pé ọ̀nà mìíràn wà láti fi tú ìdí ọ̀rọ̀ “ẹnìkan kọ́” yìí. Ẹ ti kọ́ nípa ọ̀ranyàn tí a ń pè ní farlu kifaaya, bí ìrun jánásà. Bí àwọn kan bá ṣe é, ó ti bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ̀bi. Ẹnikẹ́ni kò lè dúró lọ́jọ́ náà kí ó ní, “Èmi nìkan kọ́ ni mo wà ní ìlú.” Irú ọ̀ranyàn bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn ilé-iṣẹ́. Bí ẹnìkan nínú àwọn tí ó mọ̀ bá dìde tí ó sì tún un ṣe, gbogbo wọn bọ́. Bí gbogbo wọn bá ń wo ojú ara wọn, gbèsè náà kò pín sí ìdá mẹ́wàá kí olúkúlùkù wá san kékeré. Odindi rẹ̀ ni yóò wà lọ́rùn olúkúlùkù, dé ìwọ̀n agbára tí Ọlọ́hun fún un. Akọ̀wé tí agbára rẹ̀ kò ju kí ó gbé fáìlì sókè lọ, yóò jíhìn fáìlì. Ọ̀gá tí ó lè tì lífìtì pa kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ̀ ọ́, yóò jíhìn kọ́kọ́rọ́. Gómìnà tí ó ń pín owó, yóò jíhìn owó. Ànábì wa sì ti kọ́ wa pé adarànjẹ̀ ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi olúkúlùkù nípa agbo tirẹ̀.

Àwáwí kẹta ni pé owó kò sí. Èyí ni ó ṣòro jù, nítorí pé nígbà mìíràn òótọ́ ni. A kì í ṣe ọmọdé, a mọ̀ pé owó kàńsù kò tó nǹkan, a mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kékeré a máa fi owó ara rẹ̀ ra ibọ̀wọ́. Ibọ̀wọ́ kì í sì í ṣe fáàrí. Ní 1969, nígbà tí àìsàn tí a mọ̀ sí Lassa kọ́kọ́ di mímọ̀, láti ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì kan wá sí Jos. Ó kú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ náà kó o, òun náà sì kú. Láti ara aláìsàn ni àìsàn náà ti ń wọ ara ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, títí di òní.

Ṣùgbọ́n bí owó kò bá sí, kí ni ó yẹ kí ọ̀gá ṣe? Kí ó dá iṣẹ́ tí ó léwu dúró ni. Ẹni tí kò ní owó àkàbà kò gbọdọ̀ ní àṣẹ “gùn ún.” A ó gbé inú òkùnkùn fún ọjọ́ mẹ́ta, iná yóò dé lọ́jọ́ kẹrin. Ẹni tí ó bá ti orí òpó jábọ́ kú kò ní dé lọ́jọ́ kẹrin. Àìní owó lè mú kí iṣẹ́ falẹ̀. Kò lè sọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn di omi.

Ó wá kan ẹ̀yin tí wọ́n máa pàṣẹ fún. Ṣé dandan ni kí ẹ ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá bá ní kí ẹ ṣe? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí láti inú Bukhari. Ànábì rán ikọ̀ ọmọ-ogun kan jáde, ó fi ọkùnrin kan nínú àwọn Ánsárì ṣe olórí wọn, ó sì ní kí wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà, inú bí olórí náà. Ó ní kí wọ́n kó igi jọ, kí wọ́n dáná, kí wọ́n sì wọ inú rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà wo ara wọn lójú. Wọ́n ní torí pé àwọn ń sá fún iná ni àwọn fi tẹ̀lé Ànábì. Wọn kò wọ̀ ọ́ títí iná náà fi kú, tí ìbínú olórí sì rọlẹ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ ni, wọn kì bá tí jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ó wá là á yé wọn pé ohun tí ó bá dára nìkan ni ìgbọràn wà fún. Àdéhùn 155 náà, ní ẹsẹ kẹtàlá rẹ̀, dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó bá kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ewu ńlá tí ó hàn gbangba.

A mọ̀ pé ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọmọ tí kò tíì gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ tòótọ́, tí wọ́n ń lò bíi kásúà, tí ìyá rẹ̀ ń retí owó oṣù, báwo ni yóò ṣe sọ fún ọ̀gá pé òun kò gùn ún? Wọ́n á ní kí ó máa lọ ilé, ẹlòmíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. A kò ní bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí bí ẹni pé agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́hun kò di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀mí kan lọ rù ú. Ṣùgbọ́n àwọn sàábé inú ìtàn yẹn, wọn kò kọ̀ ní ẹnìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n kọ̀ pa pọ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹnìkan kò lè sọ, kí ẹni mẹ́wàá kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n fi déètì sí i, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe fún owó oṣù nìkan.

Bí ohun tí a kò fẹ́ bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹkún gbàgbé ẹ̀tọ́. Lábẹ́ òfin 2010, òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, tàbí ẹbí rẹ̀ bí ó bá kú, gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹbí ní ọdún kan láti béèrè owó náà. Bí òkú bá fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kí a máa san fún wọn lóṣooṣù. Mélòó nínú àwọn opó wa ni ó mọ èyí? Wọ́n á kó ẹgbẹ̀rún díẹ̀ sínú àpòòwé, wọ́n á ní kí ìyá máa dúpẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀wé nínú yín, tí ó bá lè bá opó kan kọ ìwé yìí kí ọdún tó yípo, sàdákà ni ó ṣe.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi lé ìjọba lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí a fún ní àṣíborí, tí wọ́n fi ń bu omi. Wọ́n ní ọkùnrin ni àwọn. Àwọn mìíràn so oǹdè mọ́ apá, wọ́n ní iná kò lè mú àwọn. Èyí kì í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun, ohun tí Ànábì ní kí ó ṣe ni pé kí ó kọ́kọ́ so ó, kí ó tó gbẹ́kẹ̀lé. Nínú Súrà Bákárà, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun.

Àwa ará ilé náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ló ní jẹnẹrétọ̀ kékeré báyìí. Àwọn kan kì í fi ohun èlò tí ó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ kúrò lára iná NEPA sí i. Wọ́n kàn á kì í bọ ojú iná lára ògiri ni. Bí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ náà, iná rẹ̀ yóò gba waya padà sẹ́yìn títí dé tíránsífọ́mà àdúgbò. Tíránsífọ́mà yóò sọ iná kékeré yẹn di ńlá, 11,000 fóltì, sórí waya tí òṣìṣẹ́ orí òpó rò pé ó ti kú. Ọkùnrin náà ti ṣe ohun tí ó yẹ, wọ́n ti pa iná fún un láti ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan tí ó fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n ti rán ikú sí i láti inú pálọ̀. Ọ̀rọ̀ kànga ojú ọ̀nà tí Imaamu Maliki sọ nìyí, ó wọ inú ilé wa. Ẹ lọ wo ti ilé yín lónìí, kí ẹ tó sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ̀yin ni ẹ ó jókòó sórí àga tí ìwé ẹ̀sùn ń gùn sí. Ẹ ó gbàgbé bí ó ṣe rí nígbà tí ẹ wà lórí òpó tàbí ní wọ́ọ̀dù. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí tí ọkàn yín ṣì rọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé kan síwájú yín pé àkàbà ti ń mì, ẹ má ṣe kọ ọ́ sí i pé ẹ ti rí i kí ẹ sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Rírí tí ẹ rí i yẹn ni ẹlẹ́rìí tí yóò kọ́kọ́ dìde sí yín. Ọlọ́hun tí ó sọ nínú Súrà Máídà pé ẹni tí ó gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là, kò sọ pé ó dìgbà tí ènìyàn bá ṣe nǹkan ńlá. Ẹlòmíràn, ìwé kékeré kan tí ó fọwọ́ sí lásìkò ni yóò fi rí ẹ̀san yẹn gbà.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa ní ọ̀sán àti ní òru, kí ó tu àwọn tí wọ́n pàdánù ènìyàn wọn nínú, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wà lọ́rùn wa lọ́jọ́ tí a ó dúró níwájú Rẹ̀. Áàmín.